Ìtàn Pípààrọ̀ Kọ́ọ̀sì àti Yunifásítì ní Nàìjíríà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ yunifásítì ní Nàìjíríà láti kọ́ ẹ̀kọ́ kan, tí ọkàn rẹ̀ wá yà sí òmíràn, ní ọ̀nà méjì. Ó lè pààrọ̀ kọ́ọ̀sì nínú ilé ẹ̀kọ́ tó wà, ó sì lè kó èsì ìdánwò rẹ̀ lọ sí yunifásítì mìíràn. Ọ̀nà méjèèjì ti wà tipẹ́. Ohun tó ń yí padà bí ìgbà ṣe ń lọ ni ẹni tó ń fọwọ́ sí i, àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa pàdánù.

Kí ọdún 1948 tó dé, kò sí yunifásítì ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń wá digirí á forí lé ìlú Ọba, tàbí Fourah Bay College ní Freetown, tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS dá sílẹ̀ ní 1827, tó sì so mọ́ Yunifásítì Durham ní 1876. Yaba Higher College, tí ìjọba ṣí ní oṣù Kìíní 1934, kì í fúnni ní digirí, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì níyì kọjá Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí ìjọba nílò èèyàn fún ló ń pinnu ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ipò igbákejì sí òyìnbó ló sì ń dúró de ẹni tó bá jáde. Ìbínú sí ètò yìí wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement lọ́dún 1934 kan náà.

Nígbà tí University College Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n kó láti Yaba wá sí Eléyẹlé ní Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn àwọn ológun wà tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, digirí Yunifásítì London ni wọ́n ń gbà. Kọ́ọ̀sì kò pọ̀, àwọn ẹ̀ka sì súnmọ́ ara wọn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ kò nílò láti lọ jìnnà. Owó ni ìṣòro. Òǹkọ̀wé Chinua Achebe wọlé ní 1948 pẹ̀lú sikọ́láṣíìpù láti kọ́ ìṣègùn. Lẹ́yìn ọdún kan, ó yà sí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìsìn, sikọ́láṣíìpù náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ìrànwọ́ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àti ti mọ̀lẹ́bí ló fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Augustine tilẹ̀ yọ̀ǹda owó tí ì bá fi rìnrìn àjò lọ sílé. Akéwì Christopher Okigbo náà tìtorí ìṣègùn wọ Ìbàdàn ní 1950, kó tó yà sí ẹ̀kọ́ èdè Látìnì àti Gíríìkì.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà ní láti kọjá òkun. Ní 1954, òǹkọ̀wé Wole Soyinka kúrò ní Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún méjì, ó lọ sí Yunifásítì Leeds láti kọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn náà lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní àwọn ilé ìwòsàn London, títí UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì náà, fi ṣílẹ̀kùn ní Ìbàdàn ní 1957.

Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1959, dá a lábàá pé kí yunifásítì pọ̀ sí i. Yunifásítì Nsukka bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Ifẹ̀, Èkó àti Zaria tẹ̀ lé e ní 1962, ọdún tí Ìbàdàn náà gba òmìnira lọ́wọ́ London. Ìgbà yìí ni ó tó ṣeé ṣe láti ti yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn láìkúrò nílẹ̀ yìí. Nsukka, tí Michigan State University ràn lọ́wọ́, mú ọ̀nà Amẹ́ríkà wá: kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní iye yúnìtì tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kó yúnìtì jọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà yìí ni àwọn yunifásítì yòókù wá tẹ́wọ́ gbà nígbẹ̀yìn. Láìsí i, ó ṣòro láti mọ èwo nínú ohun tí èèyàn ti kọ́ níbì kan ló yẹ kí ibòmíràn kà sí i lọ́rùn. Ní 1966 àti 1967, wàhálà tó yọrí sí ogun abẹ́lé lé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìlà oòrùn kúrò ní Ìbàdàn, Èkó àti Zaria lọ sí Nsukka. Ẹ̀mí wọn ni wọ́n ń dáàbò bò; ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì kọ́ ló gbé wọn.

Títí di 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ẹnìkan lè gba àyè ní ibi mẹ́ta, kí ẹlòmíràn má rí ẹyọ kan. Ìjọba ológun dá JAMB, àjọ tó ń bójú tó ìgbaniwọlé, sílẹ̀ lọ́dún náà láti fòpin sí èyí, ọwọ́ àjọ yìí sì ni àkọsílẹ̀ ìgbaniwọlé wà láti ìgbà náà. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó fún ìṣègùn tàbí òfin lè bá ara rẹ̀ ní ẹ̀ka tí kò béèrè fún, ọ̀pọ̀ nínú irú wọn ló sì ń wá ọ̀nà àtipààrọ̀. Láti 2017 tí JAMB ti gbé ètò CAPS kalẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba àyè tí wọ́n fún un, tàbí kí ó kọ̀ ọ́.

Ẹni tó ti wà nínú yunifásítì tó fẹ́ lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ ní máàkì tó dára. Ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni yóò fi àkọsílẹ̀ èsì rẹ̀ (transcript) ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tuntun yóò yẹ̀ ẹ́ wò, JAMB yóò sì fọwọ́ sí i. Ibi tí pàdánù wà ni ìjìnnà láàárín kọ́ọ̀sì méjèèjì. Ẹni tó ti kẹ́místìrì bọ́ sí bayokẹ́místìrì lè kó ọ̀pọ̀ yúnìtì rẹ̀ dání. Ẹni tó ti iṣẹ́ ẹ̀rọ bọ́ sí òfin kò ní rí ju àwọn kọ́ọ̀sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lọ, ó sì lè má ní kírẹ́díìtì tí ẹ̀ka òfin ń béèrè nínú WAEC, ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì. Ìṣègùn àti òfin tún le jù, nítorí àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye tí ilé ẹ̀kọ́ lè gbà. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ló ń tún ìdánwò JAMB ṣe, tàbí kí wọ́n gba Direct Entry, tí ń mú ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí tó yẹ wọ ọdún kejì.

Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde ní ìparí 2022 ti mú kí ìṣirò yúnìtì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kó dání rọrùn díẹ̀. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bára mu káàkiri Nàìjíríà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì ń pinnu ìdá 30 tó kù. Ẹni tó pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ láìpààrọ̀ kọ́ọ̀sì ni èyí ṣe lóore jù. Ní ti ẹni tó pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, ìjìnnà láàárín kọ́ọ̀sì tó fi sílẹ̀ àti èyí tó mú ló ṣì ń sọ iye ọdún tí yóò tún lò.