Láyípo: Ilé Gogoro Òkè Aàrẹ àti Ọ̀nà Ìjẹ̀bú

Ilé gogoro tí ó wà ní orí Òkè Aàrẹ ní Ìbàdàn, tí a kọ́ ní ọdún 1936, jẹ́ ohun ìrántí Robert Lister Bower, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ wọn àkọ́kọ́ ní ìlú náà láti 1893 sí 1897. Kì í ṣe ère, nítorí kò sí àwòrán ojú Bower níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ère ń ṣe ni ó ń ṣe. Àwọn ará Ìbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ pè é ní orúkọ àjèjì náà. Láyípo ni wọ́n ń pè é, nítorí àkàsọ̀ inú rẹ̀ tí ń yí po bí ènìyàn ṣe ń gùn ún lọ sókè.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó mú kí Ìbàdàn gba jagunjagun òkèèrè ní alájọṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo apá Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Orù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Láti 1877, nígbà tí Ìbàdàn gbógun ti Ẹ̀gbá, ni àwọn Ìjẹ̀bú ti dara pọ̀ mọ́ Ẹ̀gbá láti ti ọ̀nà òkun pa, tí ìbọn àti ẹ̀tù kò sì rọrùn fún Ìbàdàn láti rí mọ́, pàápàá nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Orù ni Balógun Ọnàfowókàn pa àgọ́ ogun Ìjẹ̀bú sí. Kò yẹ kí a rò pé gbogbo Ìjẹ̀bú ni ó fẹ́ kí ọ̀nà wà ní títì, nítorí ọjà wọn pẹ̀lú ń bàjẹ́, ìbínú ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí ó lé Awùjalẹ̀ Fídípọ̀tẹ̀, ọba wọn, kúrò lórí oyè lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1883. Ṣáájú èyí, ní 1872, Glover tí ń ṣàkóso Èkó ti ṣí ọ̀nà Oǹdó, tí ọkọ̀ ojú omi ń gba orí ọ̀sà kọjá lọ sí ìlà-oòrùn, kí oníṣòwò má baà gba àárín Ìjẹ̀bú.

Ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Ọ̀gágun Scott kó wá láti Èkó gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní ọjọ́ 19, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kejì. Ọ̀nà tí Ìbàdàn ti ń wá fún ọdún 15 ṣí. Ohun tí ó jẹ́ ìtura fún ìlú kan ni ó jẹ́ ọ̀fọ̀ fún èkejì, ọ̀fọ̀ náà kò sì yẹ kí ó sọnù nínú ìtàn ilé gogoro yìí.

Àwọn olóyè Ìbàdàn kò kánjú. Wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti gba ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí Gómìnà Carter ti Èkó gbé e wá ní ìbẹ̀rẹ̀ 1893, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún náà, lábẹ́ Baálẹ̀ Fìjàbí. Ajẹ́lẹ̀ ni ẹni tí ìlú tí ó ṣẹ́gun máa ń fi sí ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Ìbàdàn ti fi irú wọn sí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ìwà àwọn wọ̀nyí sì wà lára ohun tí ó dá ogun Kírìjì sílẹ̀. Nígbà tí Bower dé, Ìbàdàn náà wá ní ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀.

Ní 1894 Bower mú Ògèdèǹgbé, akọni Iléṣà tí ó ti darí ogun lòdì sí Ìbàdàn, ó sì rán an lọ sí Ìwó. Ní oṣù Kọkànlá 1895 ó yin àgbá sí Ọ̀yọ́, ìlú Aláàfin tí Ìbàdàn ti máa ń bọlá fún.