Bí Àwọn Ìyá Àgbà Dunedin Ṣe Gba Agbára Ẹsẹ̀ Wọn Padà

Bí ìyá àgbà bá ṣubú, ọjọ́ orí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dẹ́bi fún. Wọ́n á wá ọ̀pá fún un, wọ́n á sì ní kó máa jókòó jẹ́ẹ́. Ìjókòó yẹn gan-an ló tún ń jẹ iṣan itan àti orúnkún run: ẹsẹ̀ tí a kò lò a máa rọ, ẹsẹ̀ tó bá sì rọ kì í pẹ́ gbé ẹni tó ni ín ṣubú lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́dún 1990, Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Boston, ní Amẹ́ríkà, pé iṣan arúgbó kò kú. Àwọn àgbàlagbà 10 tí wọ́n wà ní nǹkan bí ẹni 90 ọdún, nínú ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ìwọ̀n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, agbára ẹsẹ̀ wọn ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá tó wà nínú ilé ara rẹ̀ ńkọ́? Ní Dunedin, ìlú kan ní gúúsù New Zealand, John Campbell àti Clare Robertson ti Yunifásítì Otago wá ìdáhùn sí i. Nípasẹ̀ àwọn dókítà àdúgbò, wọ́n rí obìnrin 233 tí gbogbo wọn ti tó ẹni 80 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pín wọn bí ẹni ṣẹ́ kèké: 116 yóò ṣe ìdárayá; nọ́ọ̀sì yóò máa bẹ 117 yòókù wò lásán, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àbẹ̀wò ló ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe ìdárayá.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni físíò, oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, lọ sílé ìyá kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 116 náà láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́. Ó so àpò kékeré tó wúwo mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀: kó jókòó, kó na orúnkún, kó dìde, kó ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹsẹ̀ ti ń le, ni ìwọ̀n ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ti ìdúróṣinṣin: dídìde lórí àga láìfọwọ́tì, fífi ẹsẹ̀ kan dúró, rírìn sẹ́yìn, àti rírìn tí gìgísẹ̀ kan yóò máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà á kọ́kọ́ di tábìlì mú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìrìn nínú àdúgbò.

Àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lọ́dún 1997. Láàárín ọdún kan, ìgbà 152 ni àwọn tí kò ṣe ìdárayá ṣubú. Ti àwọn tó ṣe é jẹ́ 88.

Ìgbà 64 nìyẹn tí a kò gbọ́ gbìì nílé ìdáná tàbí ní balùwẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò sì dáwọ́ dúró síbẹ̀. Nínú àwọn tó gbà láti ṣe é wọ ọdún kejì, ó lé ní 4 nínú 10 tó ṣì ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní West Auckland, ní New Zealand kan náà, nọ́ọ̀sì tí físíò kọ́ ló fi ìdárayá kan náà kọ́ tọkùnrin tobìnrin tí wọ́n ti tó ẹni 75 ọdún, ìṣubú wọn sì dín kù gidigidi. Lọ́dún 2002, wọ́n kó àbájáde ìwádìí mẹ́rin lórí ìdárayá yìí pọ̀, ti ènìyàn 1,016: ìṣubú fi ìdá 35 nínú 100 dín kù. Àwọn tó ti lé ní 80 ọdún, tí wọ́n sì ti ṣubú rí, àwọn tí wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ni ìdárayá náà gbà lọ́wọ́ ìpalára jù.