Iṣẹ́ Ológun ní Gánà fún Ọ̀dọ́ Asafo, Kumasi

Iṣẹ́ ológun wà lára àwọn iṣẹ́ ìjọba tí ọ̀dọ́ ìlú Kumasi ń du lójú méjèèjì. Ní Asafo, àdúgbò ọjà àti ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ Accra ti ń gbéra, ọ̀rọ̀ ogun kì í ṣe tuntun. Asafohene, olóyè tó ni àdúgbò náà, ni olórí ẹ̀ka Akwamu nínú ètò ogun Asante ní Kumasi. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ jùlọ jagunjagun Asante kì í gbowó oṣù. Bí Asantehene bá kéde ogun, olóyè kọ̀ọ̀kan a kó àwọn ọkùnrin abẹ́ rẹ̀ jáde; bí ogun bá parí, kálukú a padà sídìí oko tàbí òwò rẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Ọba Prempeh Kìíní lọ sígbèkùn ní 1896, Asafo Boakye, Asafohene ìgbà yẹn, wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ.

Ìjọba amúnisìn ló sọ iṣẹ́ ṣọ́jà di iṣẹ́ olówó oṣù, Èkó sì lọ́wọ́ sí i. Ní Èkó ni òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, John Glover, ti kó àwọn ṣọ́jà Hausa jọ ní 1863, ó sì kó irú wọn lọ bá Asante jà ní 1873 sí 1874. Ní 1900, nígbà ogun Yaa Asantewaa, tí àwọn ará Asante sé odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ní Kumasi, ikọ̀ láti Èkó lábẹ́ Captain Aplin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jà wọlé láti gbà wọ́n. Odi náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun báyìí, ó sì tọ́ kí ẹni tó ń gbèrò iṣẹ́ yìí dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gold Coast ló di ọmọ ogun Gánà lẹ́yìn òmìnira 1957. Bàtálíọ̀nù Kẹrin wọn wà ní bárékè Uaddara ní Kumasi. Ibì kan ní Ethiopia ni wọ́n fi sọ bárékè náà lórúkọ, níbi tí àwọn ọmọ Gold Coast ti bá àwọn ará Ítálì jà ní 1941, nígbà ogun Hitler.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọ̀dọ́ wádìí ni ìwé ọmọ onílùú, nítorí ẹni tó jẹ́ ọmọ Gánà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i nìkan ni wọ́n ń gbà. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìdílé Yorùbá tó ti pẹ́ ní Kumasi gan-an. Àwọn tó rí November 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fi ìlú sílẹ̀, mọ ohun tí àìníwèé lè dá sílẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gánà ti 1992 kò wo ibi tí wọ́n bíni sí. Òbí tàbí òbí àgbà tó jẹ́ ọmọ Gánà ló ń wò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Asante, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Gánà ni. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ kò sì ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀ kò ní tipa pé Asafo ni wọ́n bí i sí wọlé.

Àwọn ìkéde ọdún àìpẹ́ máa ń béèrè ọjọ́ orí 18 sí 25, tàbí 27 fún ẹni tó níṣẹ́ ọwọ́, bíi mẹkáníìkì. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.68, obìnrin tó mítà 1.57. Èsì ìdánwò WASSCE gbọ́dọ̀ dáa, kò sì gbọdọ̀ sí àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni eré sísá, àyẹ̀wò ara àti ìbéèrè lẹ́nu. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń fara gbọgbẹ́ ni ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà tó ń sọ pé àwọn mọ ọ̀gá kan. Kò sí alágbàtà tó lè ta ipò ológun, ẹni tó bá sì sanwó ti dá kún ẹ̀ṣẹ̀ náà. Èrò tó ń wá iṣẹ́ náà pọ̀ ju àyè tó wà lọ púpọ̀. Ní November 2025, èèyàn mẹ́fà kú nígbà tí èrò rọ́ gììrì ní pápá ìṣeré El-Wak ní Accra níbi ìgbanisíṣẹ́ yìí. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ọjọ́ àti wákàtí kan kò gbọdọ̀ lọ lọ́jọ́ mìíràn, kò sì gbọdọ̀ ti èrò láti ṣíwájú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọlé. Kúrúùtù ń gba ẹ̀kọ́ ní Shai Hills, ẹni tó fẹ́ di ọ́físà sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Teshie. Dókítà, amòfin àti ẹnjinníà náà ń rí àyè. Obìnrin kò gbẹ́yìn: Constance Edjeani-Afenu di ọ̀gágun Brigadier General ní 2016, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní Gánà.

Iṣẹ́ náà ń gbéni jìnnà sílé. Gánà kó ọmọ ogun lọ sí Congo fún iṣẹ́ àlàáfíà ní 1960. Ní April 1961, àwọn ọmọ ogun Congo pa èyí tó lé ní ogójì nínú wọn ní Port-Francqui. Láti 1979 ni wọ́n ti ń lọ sí Lebanon, wọ́n sì bá Nàìjíríà lọ sí Liberia ní 1990. Owó iṣẹ́ àlàáfíà yìí ti kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ṣọ́jà, ṣùgbọ́n ìyàwó tàbí ọkọ tó ń dá ọmọ tọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù ló ń san apá kan nínú rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ náà bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ ọ́ kí ó tó fọwọ́ síwèé. Owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú yẹ fún ìbéèrè: ètò ti àwọn ológun dá yàtọ̀ sí SSNIT tí òṣìṣẹ́ mìíràn ń san sí. Àwọn ṣọ́jà Gold Coast tó ti ogun Bọ́mà dé mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Ní February 28, 1948, bí wọ́n ti ń lọ jẹ́jẹ́ láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn tó gómìnà létí ní Accra, ọlọ́pàá yìnbọn pa mẹ́ta nínú wọn: Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey.

Ewu tó tóbi jù lọ nínú ìtàn ológun Gánà, inú ilé ló ti wá. Acheampong àti Afrifa, ọ́físà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Asante méjèèjì, fi ìbọn gbàjọba, ọ̀kan ní 1972, èkejì pẹ̀lú ọ́físà ẹgbẹ́ rẹ̀, Kotoka, ní 1966. Ní June 1979, wọ́n yìnbọn pa àwọn méjèèjì. Àwọn ọ́físà kékeré náà kò ríbi sá sí: Arthur àti Yeboah, tí wọ́n gbìyànjú àtigbàjọba ní 1967, ni wọ́n yìnbọn pa ní gbangba. Ọ̀dọ́ tó bá ń wo aṣọ ológun bí ọ̀nà sí agbára òṣèlú yẹ kí ó kọ́ ìtàn yìí dáadáa, kí ó sì jáwọ́.

Òfin Ológun ti 1962 ló de gbogbo ẹni tó bá bura. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á láti máa gbọ́ àṣẹ, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn kí ó tó bura. Lẹ́yìn ìbúra, sísá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ológun ń ṣèdájọ́ rẹ̀.