Ọmọ Tí A Kò Kọ́: Ìtàn Fítámínì A àti Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀

Nínú ìwé ìtàn tí à ń kà ní kíláàsì, ẹni tó pa ọ̀tá ló máa ń gba oríyìn. Mo fẹ́ sọ ìtàn ẹni tó borí ọ̀tá láì pa á.

Ní ọdún 1985, ní ìlú Shanghai ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní APL ti mú ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan dé bèbè ikú. Nínú àìsàn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kì í dàgbà. Ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i títí wọn yóò fi kún inú mùdùnmúdùn egungun. Oògùn olóró ni àwọn dókítà fi ń pa wọ́n, oògùn náà a sì máa pa aláìsàn lára.

Dókítà Wang Zhenyi ro ó lọ́nà mìíràn: ṣé a kò lè mú kí wọ́n dàgbà? Ní 1980, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé retinoic acid, tó wá láti ara fítámínì A, lè mú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ dàgbà nínú ìgò. Wang fún ọmọ náà ní irú rẹ̀ kan, ara rẹ̀ sì yá. Ní 1988, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ pé nínú aláìsàn 24, oògùn yìí nìkan ló lé àìsàn náà lọ lára 23.

Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ rí ìdí rẹ̀. Kúrómósóómù 15 àti 17 ti pààrọ̀ ègé ara wọn, jíìnì méjì sì lẹ̀ pọ̀. Ohun tí jíìnì alẹ̀pọ̀ yìí ń ṣe ni pé ó ń tilẹ̀kùn mọ́ àwọn jíìnì ìdàgbà. Kò sí ọ̀rọ̀ tó yí nínú àwọn jíìnì tí a tì yẹn. Wọ́n kàn dà bí ìwé inú àpótí tí a tì pa. Retinoic acid ni kọ́kọ́rọ́ tó ṣí i.

Òótọ́ ni pé àìsàn náà máa ń padà bí a bá lo oògùn yìí nìkan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi àwọn oògùn mìíràn kún un, títí kan arsenic tí àwọn dókítà ìlú Harbin kọ́kọ́ lò. Lónìí, ọ̀pọ̀ jù lọ aláìsàn APL tó tètè rí ìtọ́jú ló ń sàn.

Epo pupa tí a fi ń se ọbẹ̀ ní ohun tí ara wa ń sọ di fítámínì A, ṣùgbọ́n epo kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wang rí ọmọ tó fẹ́ ta ilé, ó sì kọ́ ọ.