Ìtàn Ìyanu àti Àwọn Tí Òfin Pa Lẹ́nu Mọ́

Àwọn baba wa a máa wí pé: bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Èyí kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni a lè sọ ní gbangba ọjà. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a ní láti fi aṣọ bò kí wọn tó lè jáde sí òde. Nínú gbogbo aṣọ tí ọmọ aráyé fi ń bo ọ̀rọ̀, kò sí èyí tí ó gbòòrò tó ìtàn ìyanu: ìtàn iwin àti ẹ̀mí, ìtàn igbó tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí, àti, láti ìgbà tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti gbilẹ̀, ìtàn àlejò tí ń ti inú ìràwọ̀ wá sí ayé. Nínú àròkọ yìí a fẹ́ sọ bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ṣe di ilé fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò ní ilé níbòmíràn: ọkùnrin tí ìfẹ́ rẹ̀ fà sí ọkùnrin, obìnrin tí ìfẹ́ rẹ̀ fà sí obìnrin, àti ẹni tí a bí tí a sì pè ní akọ tàbí abo, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni òun rí.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó kan olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ nínú èyí? Ó kàn án púpọ̀. Láti Àgùdà níhìn-ín ní Sùúrùlérè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ìwé àlòkù ní Yábàá kò jìnnà, àwọn ọmọ wa sì ń ka ìwé lórí fóònù wọn pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán lè wá bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè. Olùkọ́ tí kò mọ ibi tí ìwé náà ti ṣẹ̀ wá kò ní rí ohun tí yóò fi dá a lóhùn ju ìbínú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ nílé. Ní 1938 ni ilé-ìtàwé C.M.S. ní Èkó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. D. O. Fágúnwà tí ó kọ ọ́ jẹ́ olùkọ́ tí a tọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ìjọ fúnra rẹ̀ ni ó fi ìtàn ìyanu lé ọmọ ilé-ìwé Yorùbá lọ́wọ́. Fágúnwà kò kọ̀wé nípa àwọn tí a dárúkọ lókè yìí, ṣùgbọ́n ó la ọ̀nà kan tí àwọn mìíràn lè tọ̀. Ó fi hàn pé a lè mú ìwà ọmọ ènìyàn, kí a fún un ní ara iwin, kí òǹkàwé tó ń bẹ̀rù rẹ̀ sì lè jókòó wò ó dáadáa. Ní 1952 Amos Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, gba irú ọ̀nà yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì tẹ ìwé The Palm-Wine Drinkard rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n.

Ní òkè òkun, àwọn kan ti rí i pé ọ̀nà yìí wúlò fún ọ̀rọ̀ tí òfin dè. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1967, ọkùnrin tí ó bá bá ọkùnrin lò pọ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Irú òfin yìí kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Nàìjíríà ní 1916, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ní 1953 Theodore Sturgeon, ará Amẹ́ríkà, kọ ìtàn kan nípa àlejò méjì tí wọ́n ti inú ìràwọ̀ jíjìnnà wá. Gbogbo ayé fẹ́ràn wọn nítorí ìfẹ́ tí ó wà láàrin wọn. Ní ìgbẹ̀yìn òǹkàwé wá mọ̀ pé akọ ni àwọn méjèèjì, àti pé nítorí èyí ni ìlú wọn fi ń lépa wọn. Ẹni tí kò ní fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa aládùúgbò rẹ̀ lè jókòó gbọ́ ọ bí ó bá jẹ́ ti ará ìràwọ̀.

Ní 1969 Ursula K. Le Guin, òun náà ará Amẹ́ríkà, gbé The Left Hand of Darkness jáde, ìwé tí ó gba ẹ̀bùn Hugo àti ẹ̀bùn Nebula. Inú ayé mìíràn tí ó kún fún yìnyín ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó jẹ́ akọ tàbí abo títí láé. Ìgbà díẹ̀ nínú oṣù ni ara wọn máa ń yí sí ọ̀kan nínú méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí ọba kan fi lóyún. Ọkùnrin dúdú kan láti ayé wa ni a rán sí wọn gẹ́gẹ́ bí ikọ̀. Ara kọ́kọ́ fu ú sí wọn, títí ìrìn àjò líle lórí yìnyín pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn fi kọ́ ọ pé ènìyàn bí i tirẹ̀ ni ó ń bá rìn.

Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì yọ Le Guin lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan ni èdè náà fi ń tọ́ka sí ọkùnrin, òmíràn ni ó fi ń tọ́ka sí obìnrin. Le Guin sì fi ti ọkùnrin pe gbogbo wọn. Àwọn obìnrin tí ó kà á ráhùn. Ní 1976 ó kọ àròkọ láti gbèjà ohun tí ó ṣe. Ní 1987 ó tún un gbé yẹ̀ wò, ó sì gbà pé ìráhùn wọn tọ́. Kí olùkọ́ èdè Yorùbá dúró díẹ̀ níhìn-ín kí ó sì rò ó. Nínú èdè wa, “ó” ni ọkùnrin, “ó” náà ni obìnrin. Bí a bá sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, “wọ́n” ni baba, “wọ́n” náà ni ìyá. Ìdààmú tí Le Guin kò bọ́ nínú rẹ̀ fún ọdún 18 kò ní bá ẹni tí ó bá ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí irú ìtàn yìí fi ojú kan ilẹ̀ wa. Ní 1980 Octavia E. Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, kọ Wild Seed, tí ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Ìbò ní ọdún 1690. Anyanwu, obìnrin inú rẹ̀, lè sọ ara rẹ̀ di ẹranko, ẹja, tàbí ọkùnrin. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, ó fi ara ọkùnrin gbé obìnrin níyàwó. Ní 1983, Eric Garber àti Lyn Paleo ṣe ìwé kan tí ó to orúkọ irú àwọn ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, Uranian Worlds ni wọ́n pè é. Ohun tí a ti ń fi pamọ́ sínú òwe ti wá pọ̀ tó ohun tí a lè kà.

Ní Nàìjíríà, òfin ń le sí i. Ní oṣù kìíní 2014 Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo, àti ọdún 10 lé ẹni tí ó bá kó ẹgbẹ́ irú wọn jọ tàbí tí ó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ní ọdún kan náà ni Nnedi Okorafor, tí àwọn òbí Ìbò bí ní Amẹ́ríkà, gbé Lagoon jáde. Nínú rẹ̀, àwọn àlejò láti ìràwọ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú òkun Èkó. Ọ̀kan nínú wọn tí ó lè yí ara padà ni a pè ní Ayọ̀délé. Obìnrin kan tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó ni ó gbà á sílé, àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ sì rò pé, bí ìlú bá lè gba ẹni tí ń yí ara padà, bóyá yóò gba àwọn náà.

Ní 2018 ni Freshwater jáde, iṣẹ́ Akwaeke Emezi tí a bí ní Umuahia, ẹni tí kò ka ara rẹ̀ kún akọ tàbí abo. Àwọn ẹ̀mí ni ó ń sọ ìtàn náà, irú àwọn tí a máa ń pè ní àbíkú lọ́dọ̀ wa. Ní 2019 Emezi kọ Pet fún àwọn ọ̀dọ́. Ọmọbìnrin tí a kọ́kọ́ pè ní ọmọkùnrin ni olórí inú rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kò bá a jà nítorí èyí. Ìwà ibi tí àwọn àgbà kọ̀ láti gbà pé ó ṣì wà ni ohun tí ìwé náà ń bá jà. Ní 2022 Eloghosa Osunde gbé Vagabonds! jáde, níbi tí Èkó fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀mí ńlá tí ó ní ìránṣẹ́. Orúkọ náà bá ọ̀rọ̀ kan mu nínú òfin apá Àríwá, tí a fi ń pe ọkùnrin tí ó bá wọ aṣọ obìnrin. Lọ́ńdọ̀n tàbí New York ni a ti kọ́kọ́ tẹ gbogbo ìwé mẹ́rin wọ̀nyí.

Ní 1998 àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà gbogbo ayé ṣe ìpàdé tí a ń pè ní ìpàdé Lambeth. Wọ́n pinnu pé irú ìbálòpọ̀ yìí kò bá Ìwé Mímọ́ mu, ìpinnu náà ni a sì ń tọ́ka sí nílẹ̀ wa jù lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti ṣe ìlérí láti fetí sí ìrírí àwọn ènìyàn wọ̀nyí, wọ́n sì sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn wọn. Ìdajì kejì yìí ni a kì í sábà kà jáde. Báwo ni a ó ṣe fetí sí ẹni tí ẹ̀wọ̀n ń dúró dè bí ó bá lanu? Òun kò lè dìde nínú ìjọ sọ ti ara rẹ̀. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ lọ́kàn kò lè sọ fún baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ohun tí ó kù fún un ni ìtàn ìràwọ̀ àti ti iwin, níbi tí àwọn tí ó dà bí i rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá bá irú ìwé yìí lọ́wọ́ ọmọ, ẹ má ṣe já a gbà kí ẹ sì jù ú sínú iná. Ẹ yá a, ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ tó pe ọmọ náà jókòó. Kí ìbéèrè yín àkọ́kọ́ sì jẹ́ èyí: “Ta ni o fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà, kí sì ni ìdí rẹ̀?” Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ sì gbọ́ ọ.