Gbèdéke àkókò fún àtúnṣe èsì ìbò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Gbèdéke àkókò fún àtúnṣe èsì ìbò ni iye ọjọ́ tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yí èsì ìdìbò tí wọ́n ti kéde padà, tàbí tó fẹ́ ṣàtúnṣe sí ìwé ẹ̀sùn tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé lọ síwájú adájọ́. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ yóò dúró bẹ́ẹ̀, ìbáà tọ̀nà, ìbáà má tọ̀nà. Ẹjọ́ mẹ́ta láti Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló fi bí òfin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn jùlọ, méjì nínú wọn sì kan ọmọ bíbí ìlú Ọ̀wọ̀: Michael Adékúnlé Ajásin àti Rótìmí Akérédolú. Ọ̀wọ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìfọ́n, ló jọ jẹ́ ẹkùn kan ṣoṣo tí ń yan aṣojú sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá.

Ìdìbò ọdún 1983

Ajásin di gómìnà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN. Akin Ọmọ́bóríowó ni igbákejì rẹ̀. Kí ìdìbò mìíràn tó dé, Ọmọ́bóríowó ti kọjá sínú ẹgbẹ́ NPN, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ du ipò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, àjọ FEDECO kéde pé Ọmọ́bóríowó ló wọlé. Ìlú dàrú. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì pa ènìyàn ní Àkúrẹ́ àti ní ibòmíràn. Ọláìyá Fágbàmígbé, gbajúgbajà atẹ̀wé ní Àkúrẹ́, wà lára àwọn tó bá ìjà náà lọ.

Òfin Ìdìbò ọdún 1982 fẹ́ kí irú ẹjọ́ báyìí parí láàárín ọjọ́ 30. Àmọ́ nínú ẹjọ́ Paul Unongo àti Aper Aku, tó wá láti Ìpínlẹ̀ Benue ní ọdún 1983 kan náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé gbèdéke náà tako ìwé òfin ilẹ̀ wa, nítorí pé kò fún adájọ́ láyè láti gbọ́ tẹnu olùpẹ̀jọ́ tán. Ní ti Oǹdó, ilé-ẹjọ́ yí ìkéde FEDECO padà, Ajásin sì búra wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí àwọn ológun fi gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Àwọn tí wọ́n kú nítorí ìkéde àkọ́kọ́ kò sí nínú ohun tí ilé-ẹjọ́ lè tún ṣe.

Ìgbà tí kò sí gbèdéke fún ìdájọ́

Ìṣòro ìgbà kejì yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n dìbò gómìnà ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2007, wọ́n sì kéde Olúṣẹ́gun Àgàgù. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, olùpẹ̀jọ́ ní ọjọ́ 30 láti mú ẹ̀sùn wá, ṣùgbọ́n adájọ́ kò ní gbèdéke kankan. Ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2008 ni ìdájọ́ àkọ́kọ́ tó jáde pé Olúṣẹ́gun Mímikò ló wọlé. Ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2009 ni Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Benin tó fọwọ́ sí i. Nǹkan bí oṣù 21 ni Àgàgù fi lo sáà tí wọ́n sọ níkẹyìn pé kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí pé ọjọ́ 24 oṣù Kejì ni sáà Mímikò bẹ̀rẹ̀, Oǹdó kò tún bá ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù dìbò gómìnà pọ̀ mọ́.

Ohun tí òfin wí lẹ́yìn náà

Àtúnṣe ìwé òfin ní ọdún 2010 fi gbèdéke padà, ó sì fi í sínú abala 285 ìwé òfin ilẹ̀ wa gan-an, níbi tí ilé-ẹjọ́ kò ti lè pa á rẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní 1983. Olùpẹ̀jọ́ ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìkéde èsì, ìdájọ́ gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọjọ́ 180, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ní ọjọ́ 60. Nínú ẹjọ́ ANPP àti Goni ní ọdún 2012, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé kò sí ẹni tó lè fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ 180 náà, kódà bí wọ́n bá ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Abala 65 Òfin Ìdìbò ọdún 2022 tún fún àjọ INEC ní ọjọ́ 7 láti yẹ ìkéde òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi ipá mú un kéde ni, tàbí pé ìkéde náà tako òfin.

Orúkọ kan tí kò sí nínú ìwé

Akérédolú borí Eyitayọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ nínú ìdìbò ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Àgbà amòfin ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀sùn Jẹ́gẹ́dẹ́ ni pé Mai Mala Buni, gómìnà Yobe tó tún ń ṣe alága fìdíhẹ ẹgbẹ́ APC, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí ìwé tó fa Akérédolú kalẹ̀, nítorí pé abala 183 kò gba gómìnà láyè láti di ipò aláṣẹ mìíràn mú. Ṣùgbọ́n kò pe Buni lẹ́jọ́. Òfin sì ti sọ pé lẹ́yìn ọjọ́ 21, kò sí àfikún orúkọ, kò sì sí ìyípadà tó nípọn nínú ìwé ẹ̀sùn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2021, adájọ́ mẹ́rin ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé àwọn kò lè dá ẹjọ́ lórí Buni lẹ́yìn rẹ̀. Adájọ́ mẹ́ta kò gbà. Akérédolú dúró sórí ipò títí ó fi kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Orúkọ àwọn olùdìbò

Gbèdéke kékeré kan kan ará ìlú tààrà. Kí ìdìbò tó dé, INEC gbọ́dọ̀ lẹ orúkọ àwọn olùdìbò síta ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tàbí ní wọ́ọ̀dù, fún ó kéré tán ọjọ́ 7, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ. Àkókò yìí ni ẹni tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ìfọ́n lè sọ ọ́, òun náà sì ni ìgbà tí ènìyàn lè fi tó wọn létí pé orúkọ òkú ṣì wà lára ìwé.