Davies, Horton àti Àtúnṣe Iṣẹ́ Ìṣègùn Ológun Gẹ̀ẹ́sì

Bí a bá ń pìtàn ogun, ọ̀rọ̀ ìbọn àti idà ni ó máa ń gba ẹnu wa. A kì í sábà rántí pé orí ẹní àìsàn ni ọ̀pọ̀ jagunjagun ayé àtijọ́ kú sí, kì í ṣe ojú ogun. Ogun Crimea, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá Rọ́ṣíà jà ní 1854 sí 1856, ni ó fi èyí han ayé gbangba. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ogun náà lọ lé ní 20,000. Àrùn ni ó pa èyí tí ó lé ní 16,000 nínú wọn. Ní Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì, orí kòtò ẹ̀gbin tí ó ti dí ni ilé ìwòsàn wọn wà. Florence Nightingale àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ti dé ibẹ̀ láti oṣù kọkànlá 1854, síbẹ̀ ikú kò dẹwọ́. Ìgbà tí ìjọba rán àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó lọ ní oṣù kẹta 1855, tí wọ́n kó ẹ̀gbin kúrò, tí wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, ni nǹkan tó yí padà. Àwọn tí ó ń yin obìnrin náà kì í fẹ́ sọ apá yìí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀. Ìṣirò òkú ni ó fi gbógun ti ìjọba nígbà tí ó padà délé. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó ní 1857 lábẹ́ Sidney Herbert. A gbé owó àti ipò dókítà ológun ga ní 1858. A sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ológun ní Chatham ní 1860.

Ọwọ́ àtúnṣe yẹn kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú, níbi tí ikú ti le ju ti Crimea lọ. Láàárín 1817 àti 1836, nínú 1,000 ọmọ ogun òyìnbó tí ó wà ní Sàró, 483 ni ó ń kú lọ́dọọdún. Ibà ni olórí apani. Ìjọba wá fi àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ láti West Indies rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n òyìnbó ni àwọn dókítà wọn síbẹ̀, wọ́n sì ń kú bí ẹni kú fún eré. Ta ni yóò wá máa wo aláìsàn?

Ilé-iṣẹ́ Ogun ní Lọ́ńdọ̀nù bá ìjọ C.M.S. sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n bá àwọn wá ọmọ adúláwọ̀ tí ó lọ́pọlọ pípé. Ní 1855, mẹ́ta nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fourah Bay wọkọ̀ lọ sí King's College: Samuel Campbell, James Horton àti William Broughton Davies. Àìsàn dá Campbell padà, ó sì kú. Ọmọ Igbo ni bàbá Horton. Ní ti Davies, Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, ara àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú tí a sì kó sọ̀ sí Sàró. Ọmọ ẹni tí a dì ní okùn ni ó wá di dókítà nínú ogun Ọbabìnrin! Àwọn méjèèjì yege ní 1858, a sì fi wọ́n joyè oníṣègùn ológun ní 1859.

Horton kò jókòó lásán. Ní 1861 ó kọ̀wé sí Ilé-iṣẹ́ Ogun pé kí a dá ibi ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní etíkun wa, kí a máa yan àwọn ọ̀dọ́ síbẹ̀. Nínú àwọn ìwé rẹ̀, ó ń ké pé kí a fa omi irà gbẹ ní àwọn ìlú etíkun, nítorí ó gbà pé oóru ẹ̀gbin inú irà ni ó ń fa ibà. Ẹ̀fọn ni ọ̀daràn gan-an, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di 1897. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fa irà gbẹ ti ba ilé ẹ̀fọn jẹ́. Ìmọ̀ràn náà dára ju ìdí tí a fi gbà á lọ.

Ilé-iṣẹ́ Ogun kò dá a lóhùn tààrà. Ọwọ́ àwọn dókítà òyìnbó ní Gold Coast ni wọ́n fi ìwé náà lé. Ohun tí ó tẹ̀lé e kò ya ni lẹ́nu: ẹni tí à ń dù oyè mọ́ lọ́wọ́ ni a fi ṣe onídàájọ́. Wọ́n ní adúláwọ̀ kò yẹ fún irú ipò bẹ́ẹ̀, ètò náà sì dópin síbẹ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ àwọn méjì tí a ti gbà kò dára. Horton wà nínú ogun Asante ti 1873 sí 1874, àwọn méjèèjì sì ga dé ipò Surgeon-Major kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Kuiníìnì ti ń dín ikú òyìnbó kù díẹ̀díẹ̀ ní àkókò kan náà. Ní tèmi, èyí ni ó tú àṣírí ọ̀ràn náà: nígbà tí ibà ń pa wọ́n, a nílò wa, nígbà tí wọ́n rí oògùn rẹ̀, àwọ̀ ara wá di àléébù.

Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó iṣẹ́ ìṣègùn àwọn ìlú tí ó ń ṣàkóso ní agbègbè yìí pọ̀ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Òfin rẹ̀ ni pé ọmọ bíbí òyìnbó nìkan ni a óò gbà. Èkó ti ní àwọn dókítà tirẹ̀ nígbà náà, irú Oguntola Sapara àti Obadiah Johnson. Davies ṣì wà láàyè ní Sàró. Ọdún 1906 ni ó tó kú. Bí ó bá ṣe pé ọ̀dọ́ ni ní 1902, tòun ti ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọn kì bá tí gbà á.